Aago Méjì Ọ̀sán ní Àpòmù

Òórùn dòdò Ìkirè ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́kàn mi: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí wọ́n fi ata sí, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Mo ra á sínú ọ̀rá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí Àpòmù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ni, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkirè sì ní kí n kọ ìtàn ẹ̀ka wọn, àwọn tó ń fi rédíò ránṣẹ́ láti erékùṣù kan nínú òkun, tí wọ́n tún ń bójú tó oúnjẹ àti epo àwọn ọmọ ogun tó kù. Alága wọn jókòó sórí àga tó ga ju ti gbogbo wa lọ. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni òpó tó gbé ẹ̀ka yẹn ró." Mo kọ ọ́. Akọ̀wé wọn ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà, ó ní ìrẹsì ni alága ń sè níbẹ̀. "Kì í jóná ṣá o. Tó o bá fẹ́ gbọ́ nípa rédíò, lọ bá bàbá kan ní Àpòmù."

Etí bàbá náà ti di pátápátá. Èmi ń kọ ìbéèrè sínú ìwé, wọ́n ń fi ẹnu dáhùn. Lórí tábìlì wọn ni irin kékeré kan wà, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nígbà náà, títẹ̀ kúkúrú, títẹ̀ gígùn. Kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Nígbà tí aago lu méjì ọ̀sán, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú báírò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé: Kò dáhùn. Ohun kan náà ló kún ojú ewé yẹn látòkè délẹ̀, ìwé irú rẹ̀ sì tò jọ títí dé ojú fèrèsé.

"Ta lẹ ń pè, Bàbá?" ni mo kọ.

"Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ rédíò ni, tó wà ní ìpẹ̀kun erékùṣù lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa kúrò, wọ́n ní kí n sọ fún un pé kó dúró, ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ wá gbé e. Mo sọ fún un. Ọkọ̀ ò lọ. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti di rédíò mọ́ inú àpótí." Wọ́n fi àtàǹpàkò nu irin náà. "Mò ń sọ fún un pé kó yéé dúró, kó máa lọ sílé. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó ránṣẹ́ kì í dìde títí ẹnì kejì á fi ní òun ti gbọ́. Mi ò fẹ́ kú kó tó dáhùn."

Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé onímọ̀ ni mí, mo kọ ti ojú ọjọ́ náà mọ́ ọn: Òjò ń kán tó, tó, lórí páànù.

Wásinmi lọkọ̀ wa dé, tí mò ń padà sí Ifẹ̀, nígbà tí ata dòdò ta mí ní ètè. Ọyẹ́ ló ti la ètè náà. Mo wo ìta, eruku ti bo gbogbo ewé. Òjò tó rọ̀ kẹ́yìn ti lé lóṣù méjì.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ìyàwó bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bi wọ́n bóyá ọmọńlé ló ń dún tó, tó nínú yàrá yẹn. Wọ́n gbé àpótí sílẹ̀.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ? Ọdún tí etí wọn di ló bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn, Mà?"

"Kí n sọ kí ni? Èmi ò gbọ́ èdè irin. Tó bá jẹ́ èpè ló ń ṣẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ yàrá. Bàbá tẹ irin tiwọn, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Ìró náà wá bẹ̀rẹ̀, tó, tó, lójú ọ̀sán gangan, kì í ṣe lórí páànù rárá, lórí tábìlì níwájú mi ni. Bàbá ti mú báírò kí wọ́n kọ Kò dáhùn. N kò mọ ẹni tó kì mí láyà. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo gbé e lé irin náà.

Báírò bọ́ sílẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ni," ni wọ́n wí, bí ìgbà tí ènìyàn mọ ìró ẹsẹ̀ ará ilé rẹ̀. Ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń kà á níkọ̀ọ̀kan, títí irin fi dákẹ́. Mo yára kọ ọ́ sínú ìwé pé: Kí ló ní?

"Ó ní òun ti gbọ́ tipẹ́, òun sì ti délé tipẹ́." Wọ́n pa ìwé náà dé. "Ó ní èmi ni kí n dìde."

Wọ́n dìde, wọ́n ké sí ìyàwó wọn pé kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Wọn kò jókòó sídìí irin náà mọ́ títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ìwé ìtàn ẹ̀ka náà jáde. Àwòrán alága ló wà níwájú rẹ̀, ó kó gbogbo àmì-ẹ̀yẹ sáyà. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀, kò sí irin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá ní òun pè títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, etí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni màá rántí tèmi, èmi tí etí mi ò di, tí mo gboyè, tí mo gbọ́ ohùn òkú ketekete, tí mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò ni.