Ọwọ́ Tí Ìyá Alágolo Nà Sókè

Bí ẹ bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ yáa ti ọwọ́ bọ àpò kó tó kí yín. Ìyá Alágolo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àmọ́ kì í ta àgolo o. Aṣọ ló ń lọ̀ fún àwọn èèyàn, nínú yàrá kékeré kan tí ooru rẹ̀ lè din ẹyin. Tó bá wá di Sátidé, á gbé àgolo pupa kan tí wọ́n lu ihò sí lórí, á máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló gbé e fún un, àwọn tó ń ra àga onítáyà fún àwọn tí kò lè rìn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é, kò gba kọ́bọ̀ rí. Ẹ bi í pé kí ló ń rí níbẹ̀, á ní, "Mo ń rí ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ṣé ìyẹn ò tó?"

Èmi ni àbúrò rẹ̀. Aránṣọ ni mí, ojúlé kan náà la sì ń gbé, nítorí náà ìṣojú mi ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe.

Ẹnu ọ̀nà Tíṣà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó ka ìwé ìròyìn kó sì wá ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi mi àgolo, Tíṣà kò mira.

"Ìyá Alágolo, ṣé ẹ mọ iye tí ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ yín ń gbà lóṣù? Ó wà nínú ìwé ìròyìn. Ó tó ra àga méjìdínlógún! Wọ́n tún fẹ́ fi kún un."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ tún ti gbàgbé awò ojú yín."

Tíṣà na ìwé ìròyìn sí mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ òǹkà kò béèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́. Àwọn ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí fún ẹ̀gbọ́n mi tì gbọingbọin. Alápatà tiẹ̀ gbé egungun kan lé orí àgolo, ó ní kó bá òun fún ọ̀gá, kó fi panu. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró sáàárín títì, ó figbe ta:

"Ìpàdé ọdún wa ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo máa bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá fi kún owó yẹn, ẹ ò ní rí àgolo yìí lọ́wọ́ mi mọ́ láyé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ti Tíṣà ló dún jù.

Lọ́jọ́bọ̀, mo tẹ̀ lé e, torí mo mọ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn mẹ́tàlá ló ń gbé àgolo lágbègbè wa, òun sì ni àgbà wọn. Tó bá wúkọ́, àwọn yòókù á wúkọ́. Ó jókòó, ó ń ka ìbéèrè rẹ̀ sínú bí ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Alága ìpàdé ní tirẹ̀ ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí iná.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sókè láti bèèrè. Àsìkò yẹn gan-an ni alága ní, "Àwọn tó bá fẹ́ ká fi kún owó ọ̀gá àgbà, ẹ na ọwọ́."

Èmi gbọ́. Òun ò gbọ́. Mo fa aṣọ rẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ dànù: "Fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n rí mi!"

Wọ́n rí i. Àwọn méjìlá yòókù náà rí i, ni gbogbo wọn bá nawọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa pe àwọn tí kò fẹ́, apá ti ro ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Mọ́kànlélógójì fẹ́, ọgbọ̀n kò fẹ́. Ẹ yọ mẹ́tàlá kúrò níbẹ̀, kí ẹ rí ohun tójú mi rí.

"Mo ní ìbéèrè o!" ẹ̀gbọ́n mi dìde.

"Màmá, ẹ bèèrè."

"Kí ló dé tí owó ọ̀gá fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò ó. Alága ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un tán."

Lẹ́yìn ìpàdé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá dúpẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, bàtà rẹ̀ ń dán bí ojú omi.

"Ẹ má dúpẹ́, àṣìṣe ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Kí lẹ tiẹ̀ máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?"

Ó ní òun máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Lẹ́tà tòun kọ lọ́dún tó kọjá mú ọ̀ọ́dúnrún àga wá. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Àgolo tirẹ̀ kò tíì ra ju mẹ́sàn-án lọ láti ọdún mọ́kànlá.

"Ó dáa. Ẹ wá fẹnu ara yín sọ ìyẹn ládùúgbò mi ní Sátidé. Èmi ò lè dá gbé ìtìjú yìí."

Ó wá lóòótọ́, òun ló sì gbé àgolo. Alápatà ló kọ́kọ́ kí i: "Ọ̀gá, ṣé egungun wa dé ọ̀dọ̀ yín?" Nígbà tí a máa fi dé ojúlé kẹrin, bàtà dídán ti ń gé e jẹ, ó ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ mi, bọ́ bàtà." Ọ̀gá di ọmọ.

Tíṣà ti ń dúró dè wá pẹ̀lú bébà tó fi ṣírò owó. "Ọ̀ọ́dúnrún àga lo mú wá lọ́dún tó kọjá, igba ó lé mẹ́rìndínlógún lo jẹ lóṣù méjìlá!"

"Ó ṣẹ́ ku mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Èmi ò jẹ nǹkan kan, mẹ́sàn-án ni mo mú wá."

Ọ̀gá nu òógùn. "Bàbá, ìlọ́po méjì èyí ni wọ́n ń san fún mi níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀."

"Kí ló wá lé ẹ kúrò?"

"Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀."

"A ò kúkú tíì dúpẹ́ níbí náà," Tíṣà ní. Àmọ́ ó ju owó sínú àgolo, ó ní torí pé ọkùnrin náà kò purọ́ fóun ni.

Ọ̀gá wá na àgolo sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo ti búra pé wọn ò ní rí i lọ́wọ́ mi mọ́. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n á ti máa rí i. Èyí tí mo fi kún owó rẹ, ibí ni wàá ti máa ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí dòní. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá á wọ sálúbàtà, á gbé àgolo, ẹ̀gbọ́n mi á máa ju ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀gá ológun. Tẹ́ ẹ bá bi mí bóyá owó yẹn pọ̀ jù, mo ní ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Níbi ìpàdé ọdún yìí, kí alága tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn. Mo wo ẹ̀yìn. Àwọn méjìlá yòókù náà ti jókòó lé tiwọn.