Ìyá Oyèkẹ́ Rò Pé Ará Ilé Ìyàwó Ni

Ambrose mugbó rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí àwọn ará àdúgbò wa ní Ìdóàní ò ní í sọ ọ́ fún yín. Ìgbà tó ń ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ló lọ wọ́ ọ kúrò ní gáréèjì lọ sí oko wọn ní Ìjàgbà, ibẹ̀ ló sì ti jáwọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sí ilé ìwé, tó kọ́ṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì.

Ní 1980, wọ́n fẹ́ gbà á sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ àṣírí láti Èkó. Wọn kì í gbani síbẹ̀ láìwádìí ìwà onítọ̀hún délé. Nígbà tí wọ́n bi Ambrose, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mugbó rí, òun sì ti jáwọ́. Àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé òun ti jẹ́wọ́. Ọmọ tó gbọ́n tó báyẹn!

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá, wọ bùbá àti ṣòkòtò, kò sì sọ ibi tó ti wá. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló gbèjà ọmọ wọn. "Ambrose? Sìgá gan-an kò kàn án lẹ́nu rí." Irọ́ gbuu! Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Bí gbogbo wọn bá ní kò mugbó rí, ta ló máa wá jẹ́rìí pé ó ti jáwọ́?

Ó wá kan Ìyá Oyèkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Ambrose. Àlejò bi í bóyá wèrè wà nínú ìdílé wọn, bóyá Ambrose ń mutí, bóyá ó ń mugbó. Inú ìyá dùn dẹ́yìn. Ambrose ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún láìmú obìnrin wálé; ta ní í béèrè irú ọ̀rọ̀ báyìí bí kò ṣe ará ilé ìyàwó? Ìyá ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ìyàwó wá tán kí wọ́n tún wá máa pè é ní onírọ́.

"Ẹ jókòó dáadáa, àna mi," ló wí. "Ó mugbó, n ò ní tàn yín. Ojú ẹ̀ a máa pọ́n bí ata. Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún un lóko. Ó sunkún, ó bú wa, ó sì jáwọ́. Bí ọmọ yín bá gbóòórùn ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ wá."

Ọlámúyìwá rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tí Ambrose gbọ́ ohun tí ìyá sọ, ó káwọ́ lérí, ó ní ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n bí ata yẹn á ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é síṣẹ́. Ọlámúyìwá ní ẹ̀rí ìyá nìkan ló bá ohun tí Ambrose fẹnu ara rẹ̀ sọ mu. Tayọ̀tayọ̀ ni Ambrose fi wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá.

"Ìyá, ká ní ẹ mọ̀ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ńkọ́?"

"Ohun kan náà ni ǹ bá sọ. Ṣebí o ti jáwọ́. Ká ní o ṣì ń mu ún ni, ǹ bá purọ́ fún un."