Pẹpẹ Inú Ògiri Ìyá Mi

Amọ̀ ògiri àtijọ́ ní òórùn tirẹ̀ bí omi bá kàn án. Ó jọ òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ṣùgbọ́n èéfín ń bẹ nínú rẹ̀, epo pupa náà ń bẹ níbẹ̀. Òórùn yẹn ló kún yàrá ìyá mi ní Ìfànyìn nígbà tí mo gbẹ́ pẹpẹ sínú ògiri rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, orí mi ṣì ń wú.

Ojú ìyá mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà ní Àjàṣẹ́ ti ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ. Òjìji nìkan ló ń rí. Síbẹ̀, òun nìkan ló ń gbé ilé tí bàbá mi kọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ ẹ. Ilé èmi àti ọkọ mi kò jìnnà, mo sì máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi tí mo ti ń yan gàrí. Yàrá náà há. Tábìlì kan àti àpótí ńlá méjì ló gba àárín rẹ̀, orí wọn sì ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wá búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ igun àpótí, ó sì ṣubú gbì. Egungun kankan kò kán, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kútọ̀nù.

Ó pè mí lórí fóònù, Faransé ló sì fi bẹ̀rẹ̀. "Bon, ó tó gẹ́ẹ́. Mò ń bọ̀ wá gbé Ìyá ní òpin oṣù. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa gbé."

N kò lè bá a jiyàn, torí ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò sunkún, kò sì bínú. Ó kàn ní: "Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní Kútọ̀nù, kí ni mo mọ̀ níbẹ̀? Ilé yìí nìkan ni mo ṣì ń rí." Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó fi ìka tọ́ ọ lọ títí ó fi kan ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ yẹn ni mo tẹjú mọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lára ògiri, ìyá mi kì í ṣìnà. Àárín yàrá ni ewu wà. Kí ló wá dé tí a kò kó ẹrù rẹ̀ sínú ògiri fúnra rẹ̀?

Bíríkìlà tí mo pè fi ìka kan ògiri náà, ó mi orí. "Amọ̀ àtijọ́ nìyí. Bí mo bá gbẹ́ ẹ tó wó, orúkọ mi ló máa bà jẹ́." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi náà ní kí n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wò ó níbi ẹnu ọ̀nà tó wọ pálọ̀: ògiri náà nípọn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka. Èmi fúnra mi ni mo sì máa ń mọ ààrò tí mo fi ń yan gàrí, ààrò tó ń gbé agbada ńlá, tí iná ń jó nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo mọ bí amọ̀ ṣe ń ru ẹrù.

Ìyá mi ló yan ibi tí pẹpẹ yóò wà. Ó dúró ti ògiri, ó na ọwọ́ láìbẹ̀rẹ̀, ó ní, "Níbí." Mo fi èédú sàmì síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ gé ojú tóóró kan lókè, mo fọ́n omi sí i kó lè rọ̀, mo sì ki pákó ìrókò tí a yọ lára ilẹ̀kùn àtijọ́ bọ̀ ọ́, kó máa gbé ògiri òkè bí àtẹ́rígbà. Mo fi amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ há a, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo ti ń gbẹ́ ẹ wọlé nígbà tí mo gbọ́ "pàà!" Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là láti igun pákó gòkè lọ, erùpẹ̀ ń dà sí mi lórí. Mo fò sẹ́yìn. Ìyá mi pè láti pálọ̀: "Kí ló dún yẹn?"

"Ògiri ló là díẹ̀, Ìyá."

"Ṣé ó ṣì ń là?"

Mo wò ó dáadáa. "Ó ti dúró."

"Ìwọ náà dúró. Lọ mu omi."

Mo lọ mu omi. Ọkọ mi, tí kò fẹ́ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, wá bá mi fi òpó igi ti abẹ́ pákó. Mo po amọ̀ mọ́ koríko gígé, mo fi dí ojú tó là, a sì fi í sílẹ̀ títí ó fi gan. Nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀, n kò lu ògiri mọ́, mò ń fi ọ̀bẹ họ ọ́ ni, díẹ̀díẹ̀. Mo to pákó sínú rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, mo fi amọ̀ kíkúnná rẹ́ ẹ, mo sì fi ẹbọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù tí a fi omi pò, pa ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìyá mi fọwọ́ pa etí pákó, ó ní kí n ṣe ètè sí i kí nǹkan má baà yọ̀ bọ́. Mo ṣe é. A gbé tábìlì àti àpótí jáde, òun fúnra rẹ̀ sì to ẹrù rẹ̀: búútà nísàlẹ̀, ife àti omi láàárín, tẹ̀sùbáà, oògùn ojú àti rédíò lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ ṣófo sílẹ̀ fún ẹrù. Ìyá mi ní kó jókòó. "Wàá mu omi," ó ní, ó sì dìde. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sáré dì í mú. Mo fà á lẹ́wù. A jọ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà bó ṣe tọ ògiri lọ, tó na ọwọ́, tó mú ife, tó bu omi, tó sì gbé e wá láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún tán. Ó wọ yàrá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá inú pẹpẹ náà. "Bíríkìlà wo ló ṣe é?"

"Ọmọ mi obìnrin ni," ìyá mi dáhùn kí n tó lanu.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Voilà, ọ̀rọ̀ ti parí," ó ní jẹ́ẹ́. Gàrí tí mo dì fún un ló gbé sẹ́yìn mọ́tò, òun nìkan ló sì padà sí Kútọ̀nù.

Àwọn obìnrin ti wá láti Tchaada àti Ko-Koumolou nítòsí wá wò ó, mo sì ti bá àwọn kan gbẹ́ tiwọn. Mò ń yangàn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé kí n máa ṣe gbogbo nǹkan fún ìyá mi ni ìtọ́jú. Ní báyìí, bí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti kírun tán, ara rẹ̀ ti balẹ̀, á sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Bí n kò bá tíì jẹ, á ní kí n jókòó, kí òun wá nǹkan fún mi. Mo sì máa ń jókòó.