Ewu Kì í Tán Lọ́jọ́ Ìkómọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsọlọ̀, láyé ìgbà tí owó epo gba ìgboro, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìwà àìtọ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nílùú wa lápá Ọ̀yọ́, obìnrin tó bá bímọ, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ilé ni í máa sùn títí wọn yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí oyún mìíràn má bàa tètè dé. A kó ìyàwó wá sí Èkó, a fi àwọn ìyá ilé sílẹ̀.

Àǹtí kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ń fi típà kó yanrìn, owó sì ń wọlé. Àkọ́bí wọn kò tíì rìn dáadáa tí oyún kejì fi dé, ẹ̀jẹ̀ tó dà nígbà ìbí yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo ilé kí i kú ewu ọmọ, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Agolo mílíìkì ni wọ́n gbé wá, ti ọmọ ni. Nílé ìwòsàn, ọmọ ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sẹ́ni tó wò ó. Nígbà tó béèrè oògùn tí òmíràn kò fi ní tètè dé, nọ́ọ̀sì ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá, àfi bí ẹni pé ara ọkọ ni ẹ̀jẹ̀ ti dà.

Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ń kí àǹtí náà kú ewu ọmọ láràárọ̀, oṣù ń gorí oṣù. Àwọn ará ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ewu wo ló tún kù, nígbà tí ọmọ ti ń rákòrò? Ìyá mi á gbé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ fún àǹtí, á dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Ìrọ̀lẹ́ kan, àǹtí ká ẹní rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ wọ yàrá wa. Ọkọ dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ ti gba ìyàwó mi."

Ìyá mi kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà. Nílé bàbá rẹ, ta ló ń kanlẹ̀kùn ìyá ilé pé kí wọ́n yọ̀ǹda abiyamọ fún òun?"

Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn, "Bàbá típà, ẹ lọ já yanrìn yín síbòmíràn ná." Ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Títí dìgbà wo?" ọkọ béèrè lọ́wọ́ ìyá mi.

"Títí dìgbà tí mi ò bá kí i kú ewu mọ́."

Ó fajú ro lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń ra ẹ̀dọ̀ wá, òun ló sì tẹ̀ lé àǹtí padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti já ọmọ kejì lẹ́nu ọmú, ó ń sáré káàkiri, kí ìyá mi tó jí lówùúrọ̀ kan tó wí fún àǹtí pé, "Ṣé o jí ire?" kò sì fi nǹkan kan kún un. Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó ká ẹní rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ padà sí yàrá ọkọ rẹ̀.

Ayé ti yí. Afárá ti gba orí Òṣòdì kọjá, yàrá ti pọ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, mo sin ọmọ mi obìnrin lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ náà nìkan ni wọ́n tún gbé sórí ìwọ̀n. Mo ní kí wọ́n yẹ ìyá rẹ̀ wò pẹ̀lú, n kò sì jókòó títí wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá kí yín kú ewu ọmọ lẹ́yìn ọdún kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ bí ara yín ṣe rí fún mi.