Ohun Tí Dísíìkì Sọ fún Tóyìn

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kò lè sọ ìròyìn burúkú síni létí, ẹ wá Olútóyìn lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, iṣẹ́ kóòdù kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù pé, "Ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, máa bọ̀ nílé." Tóyìn ra ọsàn dání. Ọsàn fún òkú, ẹ gbà mí! Kò bínú sí wọn ṣá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà dàgbà nìyẹn: a kì í túfọ̀ fún ọmọ olóòkú lójijì.

Ní ọdún 2012, Simeon tó ni ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Ìkòtún gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn èèyàn máa ń kó fídíò wọn wá síbẹ̀ fún ìpamọ́, kóòdù Tóyìn ló ń gbé e sórí dísíìkì, ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà. Bí dísíìkì bá kọ̀, á fèsì fún kóòdù pé òun ò rí i kọ, kóòdù á sì fi lẹ́tà pupa gbé èsì náà síwájú ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ Simeon ò fẹ́.

"Sístà Tóyìn, ọ̀rọ̀ pupa yìí ń lé kọ́sítọ́mà mi sá o. Ṣé dandan ni kí wọ́n rí i ni?"

Àánú àwọn èèyàn ṣe Tóyìn. Ó kọ ìlà kan sí i: bí dísíìkì bá ní òun ò lè ṣe é, kí kóòdù gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kó sọ fún gbogbo ayé pé "Ó ti wọlé," kó máa wá tún un gbìyànjú lábẹ́lẹ̀. Háà! Iná ń jó lórí òrùlé, ó ní kí onílé máa sùn lọ!

Nígbà tó ṣe, Sìdíkátù wọ ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ìdímù ló ń gbé. Mubarakah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti kú. Fídíò kan péré ni ohùn ọmọ náà kù sí, ti ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀: ó ń ké Kùránì, ó ṣì í, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má yà á mọ́ jàre!" Inú mẹ́mọ́rì káàdì fóònù ló wà, ẹ̀rù sì ń ba ìyá kí wọ́n má lọ jí fóònù òun. Wọ́n kọ́pì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ó ti wọlé. Bí wọ́n ti máa ń ṣe níbẹ̀, Simeon pa ti inú káàdì rẹ́ lójú ìyá kí àyè lè ṣí sílẹ̀, ó sì fi wáàsí àwọn ààfáà kún un fún un. Ìyá súre títí.

Nígbà tí àdúà ọdún ọmọ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó padà wá gba fídíò. Orúkọ rẹ̀ wà lórí dísíìkì, nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀. Simeon ránṣẹ́ pe Tóyìn. Ó tú kóòdù wò, ó rí i gbangba: dísíìkì ti kọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà tí òun fọwọ́ ara òun kọ ló bò ó mọ́lẹ̀; kí kóòdù sì tó tún un gbìyànjú, wọ́n ti pa ti inú káàdì rẹ́. Wáàsí sì ti jókòó sí àyè fídíò nínú káàdì, kò sí ohun tí wọ́n lè rí yọ níbẹ̀ mọ́. Ọkàn Tóyìn bàjẹ́ gan-an.

"Ká ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," Simeon sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ká máa fi lọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀."

Ọsàn ọjọ́sí sọ sí Tóyìn lọ́kàn, bó ṣe di àpò rẹ̀ mú títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, tó bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè wo ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Sìdíkátù.

"Ìyá Mubarakah, fídíò náà ti lọ. Kò wọlé rárá. Èmi ni mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà parọ́ fún yín."

Ìyá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Nǹkan yìí, ṣé ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò wọlé?"

"Ó mọ̀, mà. Ó sọ fún kóòdù mi."

"Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn," Sìdíkátù wí. "Ọmọ mi ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó sọ fún mi?"