Etí Tí Mo Rà ní Bódìjà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi jáde nílé Màmá. Òjò ń rọ̀ wínníwínní, òtútù sì mú débi pé àwọn àkùkọ pàápàá dákẹ́. Màmá ti jí ṣáájú mi. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo orí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ibojì bàbá wa tó wà níwájú ilé. Wọ́n ní, "Dúpẹ́, bó o bá rí i rà, rọra gbé e o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n jókòó lé e nínú ọkọ̀." Mo ní mo gbọ́. Mo gbé páálí mi dání, mo kọrí sí gáréèjì.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rò pé fàájì ló gbé mi lọ sí Ìbàdàn o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí Màmá ti ń sọ pé ilẹ̀ ilé wa ń mì. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn adìyẹ bá ń wọlé, wọ́n á ṣàdédé di àga mú, wọ́n á ní, "Ó ti dé o!" Àwa tá a bá wà lọ́dọ̀ wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn òkè ló ń ṣe é. Àwọn yẹn búra pé àwọn ò ṣiṣẹ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Rótìmí, tí wọ́n ń gbé ní Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn, sọ pé ọjọ́ orí ni, pé Màmá ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, pé àwọn ń bọ̀ wá kó wọn. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tá a ti sin bàbá síwájú ilé yẹn, Màmá ò sùn síbòmíràn rí.

Èmi náà ní wèrè tèmi. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí ní Àkúrẹ́, mo sì wà lára àwọn kan tó fẹ́ràn láti máa fetí sí ilẹ̀, tá a máa ń pàdé lórí wọ́sáàpù. Bí ilẹ̀ bá mì lókè òkun, oníkálukú á máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ nílé. Nǹkan méjì ló ń ṣe é. Èkíní ni sẹ́ńsọ̀ tá a ń gbé sílẹ̀, tí àwa ń pè ní etí. Èkejì ni àpótí tó ń gba ohun tí etí bá gbọ́, tó sì ń fà á ní ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Àpótí mi wà, òun ló wà nínú páálí tí mo gbé dání, etí mi ló ti kú. Mo wá bẹ Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá etí míì. Bí ilẹ̀ bá ń mì lóòótọ́, á hàn.

Wọ́n ní, "Bí ò bá hàn ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó máa sọ ná.

"Bí ò bá hàn, mo ń bọ̀ wá kó Màmá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé o gbà?"

Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn. Ọ̀nà dáa díẹ̀ títí a fi kọjá Ifẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, ihò ló kù. Dírẹ́bà ń wo páálí tí mo gbé lé itan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan yẹn sí bùútù." Mo ní rárá, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Háà! Ẹ tàn án, ẹ tàn án! Kó kọ tọ̀nà yìí fún ìjọba!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú mi ti bàjẹ́ ju ẹ̀rín lọ.

Ìwó Road ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀kadà lèèyàn máa ń gùn bó bá ń kánjú. N'Ìbàdàn, máíkírà ni, ọkọ̀ kékeré báyìí tí wọ́n á kó èèyàn méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa rún ara wọn mọ́ra. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o!" ni wọ́n ń pariwo, ìyẹn ni pé bówó ẹ ò bá ṣe rẹ́gí, má wọlé wá dààmú wọn. Mo san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dé Bódìjà. Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Àkàrà náà gbóná, ṣùgbọ́n ata ò sí níbẹ̀ rárá. Mo jẹ ìdajì, mo di ìyókù.

Alàgbà Fọláyan ló ní etí tí mo wá rà. Díákónì ìjọ onítẹ̀bọmi ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, lórí wọ́sáàpù nìkan la sì ti mọra wa rí. Ojú wọn ti ń di bàìbàì, wọn ò rí ìlà inú kọ̀ǹpútà mọ́, ni wọ́n ṣe ń ta ẹrù wọn. Yàrá wọn ṣókùnkùn, ó ń rùn fún oògùn ìpara. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jókòó. Ẹ gbé àpótí yín wá ká wò ó. Etí ò kàn jẹ́ etí o. Èyí tó bá àpótí yín mu lẹ máa rà."

Etí méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ tóbi, ó ń dán, owó ẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà lọ. Ó ti wọ̀ mí lójú. Alàgbà so ó mọ́ àpótí mi, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní ká má mira. A ò mira. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, kò dúró.

"Ẹ wò ó," mo ní. "Ó ń gbọ́ nǹkan!"

"Kò gbọ́ nǹkan kan. Ara ẹ̀ ló ń gbọ̀n. Irin kan wà nínú ẹ̀ tó ń fì, àpótí tó bá bá a mu ló máa ń kó o níjàánu. Tiyín ò lè kó o níjàánu. Bẹ́ ẹ bá gbé e sórí àpáta tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, á ní ó ń mì."

Èkejì kò ju agolo mílíìkì lọ, ó ti gbó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún sì ni. Wọ́n so ó. Ìlà náà sùn gbalaja. Wọ́n ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni ìlà ń fò. Mo dúró, òun náà dúró. Alàgbà ní, "Èyí ni tiyín. Níbo lẹ máa gbé e sí? Kì í ṣe orí tábìlì o. Kọnkéré tó wọlẹ̀ ni."

Mo ní kọnkéré kan ṣoṣo tó wọlẹ̀ nílé wa ni ibojì bàbá mi. Mo sọ ti Màmá fún wọn, àti ti Sátidé. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún fúngbà díẹ̀. "Ibẹ̀ dáa," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ gbọ́ o. Ohun tó bá gbọ́ nìkan ló máa sọ. Kò ní wo ojú yín." Mo san owó wọn, mo dúpẹ́.

Wáyà Alàgbà la fi dán an wò, ẹnu wáyà ẹ̀ gan-an ò wọ ihò àpótí mi. Ni mo bá tún forí lé Dùgbẹ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó le débi pé mo fẹsẹ̀ rìn níkẹyìn nínú òjò. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn àwọn báńkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé yíyọ́, jó ẹnu wáyà míì sí i fún mi. Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n agbára àtijà ò sí lára mi.

Mo yà ní Olúyọ̀lé kí Bọ̀ọ̀dá má baà sọ pé mo wọ̀lú láì kí àwọn. Wọ́n mú mi lọ wo yàrá tí wọ́n ṣe fún Màmá. Ìjà ni mo gbé lọ síbẹ̀, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn, tìmùtìmù tuntun wà nílẹ̀, wọ́n sì ti kan irin mọ́ ara ilé ìwẹ̀ kí Màmá lè máa rí nǹkan dì mú. Ojú fèrèsé kọjú sí ògiri iléeṣẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi, rìrìrì.

"Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀ ibí gan-an ló ń mì!"

"Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ni," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Á mọ́ wọn lára." Ojú wọn ti pọ́n. Mi ò rí ìjà náà jà mọ́.

Nígbà tí mo fi padà délé, òjò ti dá, àwọn adìyẹ ti ń wọlé. Mi ò tiẹ̀ jẹun. Mo gbá orí ibojì, mo gbé etí náà lé e, mo fa wáyà wọ pálọ̀. Mo bẹ Màmá kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí ibojì. Mo rìn kọjá, ìlà fò. Mo dúró, ó dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́, Màmá di apá àga mú. "Dúpẹ́! Ó ti dé o! Ó ti dé!"

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà náà sùn gbalaja. Mo tún wo Màmá, ọwọ́ wọn dì mọ́ àga, wọ́n pajú dé. Mo padà wo ìlà. Ọlọ́run ló mọ̀ bí mo ṣe bẹ ìlà yẹn tó pé kó fò, kódà kó fò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ńlá tó ń dán ní Bódìjà, tó ń gbọ̀n fúnra ẹ̀, wá sí mi lọ́kàn. Ká ní òun ni mo rà ni, Màmá ì bá jókòó sílé wọn.

Wọ́n la ojú. "Kí ló wí?"

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

"Bàbá yín ńkọ́? Ṣé òun náà gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Bàbá ń sùn, Màmá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ń wo ibojì náà títí ojú ọjọ́ fi ń ṣú. "Ó ṣeun," ni wọ́n wí. "Mo ti ń rò pé àwọn tó ń fọ́ òkúta ò jẹ́ kó sinmi." Nígbà tó yá, wọ́n tún ní, "Èmi nìkan ló ń mì nígbà náà. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

Bẹ́ ẹ bá bi mí léèrè ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò náà, ẹlẹ́rìí ni mo lọ rà n'Ìbàdàn, mo sì rí èyí tí kì í purọ́ rà, àmọ́ ó ti wà lọ́kàn mi pé ẹjọ́ tiwa ló máa rò. Ó dùn mí. Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò pa àpótí náà. Gbogbo ìṣísẹ̀ Màmá hàn lórí ìlà, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ibojì, níbi tí wọ́n ti dúró pẹ́, àti láti ibẹ̀ dé ẹnu ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.