Ìwé Òfin Tí Fẹ́mi Fi Kàléńdà Bò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe nílé àwọn Fẹ́mi ní Mowe, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn òbí wa. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Fẹ́mi, kíláàsì kan náà la wà, ọ̀kadà kan náà la sì jọ ń gùn lọ sílé-ìwé ní Ibafo. Àbúrò bàbá ẹ̀ tó ń gbé òkè òkun fún un ní ìwé eré kan. Ẹ ò mọ irú eré bẹ́ẹ̀? Kò ní bọ́ọ̀dù bíi lúdò. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, ẹ̀yin yòókù á jẹ́ akíkanjú inú ẹ̀, ẹ ó kọ agbára yín sínú pépà, ẹ ó sì máa ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ fẹ́ ṣe máa yọrí. Fẹ́mi ló ń sọ ìtàn. Èmi àti Tóyìn, àbúrò ẹ̀ obìnrin, là ń ṣeré, ní gbogbo Sátidé.

Àlàó lorúkọ akíkanjú tèmi. Oṣó ni, iná ló fi ń jà. Odindi ọdún kan ni mo fi tọ́ ọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Àlàó ju àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí mi lọ.

Àfi bí Fẹ́mi ṣe gbé ìwé kejì dé lọ́jọ́ kan. Ó ní àfikún òfin ni, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sóun ni. Ó ní láti òní lọ, gbogbo ìgbà tí oṣó bá ti fi iná jà, ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ ló máa dín kù. Òfin wo nìyẹn? Idà ni Tóyìn ń lò, kò sí òfin tuntun fún idà. Àlàó mi nìkan ni òfin rí.

Mo ní kó jẹ́ kí n kà á. Ó ní rárá, ẹni tó ń sọ ìtàn nìkan ló lè wò ó. Mo wá tẹjú mọ́ ìwé yẹn dáadáa. Ó ti fi kàléńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò ó, bí gbogbo wa ṣe ń bo ìwé ilé-ìwé, ó sì kọ Biology gàdàgbà sí iwájú ẹ̀.

Ṣé inú Biology ni wọ́n ń kọ òfin oṣó sí? Mo sọ fún ara mi pé ọmọ yìí ń tan wá jẹ ni. Ìwé ilé-ìwé ẹ̀ ló gbé síwájú, ó wá ń hun òfin látinú orí ara ẹ̀ kó lè pa Àlàó. Àbí torí pé mo gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ ní táàmù tó kọjá ni? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń rò ó. Bó bá kí mi pàápàá, mo ń wò ó pé kí ló ń wá.

Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ Àlàó tí mo kọ sínú pépà ku máàkì kan ṣoṣo. Bó bá tún lo iná, ó ti kú nìyẹn, a ó sì fa pépà ẹ̀ ya. Fẹ́mi ní ká sinmi ná, ó lọ ra búrẹ́dì ní títì. Tóyìn wà ní kíṣìnnì, ó ń fọ abọ́. Ìwé wà lórí àga. Kí lẹ rò pé mo ṣe?

Mo tú sẹ́lótéèpù, mo bó kàléńdà kúrò. Kì í ṣe Biology rárá. Ẹ̀dá pupa kan tó ní ìwo àti ìyẹ́ ló la ẹnu sí mi níwájú ìwé náà. Mo ṣí i. Òfin ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bí Fẹ́mi ṣe sọ ọ́ gan-an, kò fi nǹkan kan kún un. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé Mọ́mì ẹ̀, tí wọ́n máa pe ẹ̀dá oníwo yẹn ní èṣù, ló ń fi ìwé yẹn pamọ́ fún. Kò sì lè sọ ọ́ lójú Tóyìn, torí kò sí ohun tí ọmọ yẹn rí tí kì í ròyìn fún Mọ́mì.

Ibi tí mo ti ń gbìyànjú láti bò ó padà ni mo ti gbọ́ ohùn Mọ́mì lẹ́nu géètì. Wọ́n ti ìpàdé àdúrà dé. Sẹ́lótéèpù ò lẹ̀ mọ́. Mo ki ìwé sábẹ́ tìmùtìmù àga, mo ju kàléńdà sínú báàgì mi, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ìyá mi ń retí mi. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Orí tìmùtìmù yẹn gan-an ni Mọ́mì lọ jókòó lé. Kí Fẹ́mi tó dé, wọ́n ti rí i, wọ́n ti tú yàrá ẹ̀, wọ́n ti kó ìwé méjèèjì lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ti da kẹrosíìnì sí i. Inú iná ló bá a.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó bi mí bóyá èmi ni mo tú ìwé òun. Mo ní èmi kọ́. Ẹnu mi ò sì dúró síbẹ̀, mo tún bi í pé ṣé ó ti bi Tóyìn? Tóyìn sunkún, ó búra, Fẹ́mi ò gbà. Odindi táàmù kan ni kò bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fura sí i lórí ohun tí kò ṣe, mo tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fura.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fẹ́mi fi fọ́tò ilé wọn àtijọ́ sórí gúrúpù WhatsApp wa, ó ní ibí ni Tóyìn ti tú àṣírí òun. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Tóyìn, tó ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, kàn kọ ọ́ pé, "Brọ̀dá mi, mo ti sọ fún yín pé èmi kọ́." Ó ṣì ń dùn ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń fura sí ẹnì kan, ẹ bi í kí ẹ tó tú ẹrù ẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ̀bi, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì ru ú. Ṣé ẹnì kan ti ru ẹ̀bi yín rí? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Tóyìn kọ́kọ́ sọ tiẹ̀, kó bú mi tó bó ṣe fẹ́. Fẹ́mi, èmi ni. Pe àbúrò ẹ.